Òbí Tí Kò Sí Nílé Nínú Ìwé Ọmọdé

Ọmọ ọdún 7 ni ọmọkùnrin tí Amos Tutuola fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú My Life in the Bush of Ghosts, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1954. Lọ́jọ́ tí ogun akónilẹ́rú ya wọ ìlú wọn, ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Àwọn orogún ìyá rẹ̀ wà nílé, wọ́n gbọ́ pé ogun ń bọ̀, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin tiwọn sá lọ, wọn ò sì ta ọmọ yìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lólobó. Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú, ó gbé àbúrò rẹ̀ sá títí agbára rẹ̀ fi pin, ọwọ́ ogun sì tẹ̀ ẹ́. Bí àbúrò ṣe dá wọ igbó àwọn iwin nìyẹn. Ọdún 24 ló lò níbẹ̀ kó tó rójú ọ̀nà padà wálé.

Ẹni tó bá ti ka ìwé ọmọdé bíi mélòó kan yóò ti rí i pé ọgbọ́n yìí wọ́pọ̀. Kí ìtàn tó gbéra, bàbá ti kú, ìyá ti rìnrìn àjò, tàbí kí àwọn méjèèjì wà nílé kí wọ́n má wúlò fún ohunkóhun. Àwọn òbí àti olùkọ́ kan ti ń bínú sí i tipẹ́. Wọ́n ń béèrè ohun tó dé tí ọmọ tó ní bàbá, tó ní ìyá, kò fi lè ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé náà ní èsì, èsì wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún, nítorí pé ohun tí ọmọ bá kà ní ọdún 9 tàbí 10 máa ń bá a dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá ọmọ Tutuola sílé lọ́jọ́ ogun yẹn wò. Ìyá á pọn èyí àbúrò, á di ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí ọ̀nà oko, ìwé á sì parí ní ojú ewé kejì. Iṣẹ́ ìyá ni láti gba ọmọ lọ́wọ́ ewu, ìtàn sì ń fẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá nǹkan ṣe sí ewu. Ibi tí wàhálà òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láyé ojoojúmọ́, ọmọdé kì í pinnu ohun púpọ̀. Àgbà ló ń sọ ìgbà tí yóò jẹun, ìgbà tí yóò sùn, ilé ìwé tí yóò lọ, ẹni tí yóò kí. Inú ìwé ló ti lè dá gbé ẹsẹ̀, kó ṣìnà, kó bẹ̀rù dé góńgó, kó sì rí i pé òun là á já, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga tí ewu kankan kò lè dé bá a. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn òǹkọ̀wé ní ibi tí ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbára lé ara ẹni nìyí, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọgbọ́n yìí títí ó fi di ti wọn. Onígbáméjì ló pa bàbá àti ìyá Mary Lennox ní Íńdíà ní ìbẹ̀rẹ̀ The Secret Garden (1911). Nínú James and the Giant Peach (1961), Roald Dahl ní àgbáńréré tó já nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ bàbá àti ìyá James, ó sì sọ ọ́ kíákíá bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Harry Potter (1997) ti di ọmọ òrukàn kó tó mọ̀ pé òun wà láyé. Arthur Ransome ní tirẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Nínú Swallows and Amazons (1930), bàbá wà lójú òkun, ó fi wáyà fún àwọn ọmọ láyè kí wọ́n lọ pàgọ́ sí erékùṣù. Ìyá wà ní etí omi ní òdìkejì, ó sì ń fi ọkọ̀ ojú omi wá wò wọ́n. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, tirẹ̀ ni mo kà sí ọ̀nà tó mọ́ jù. Òbí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òbí mọ̀.

Àwọn kan ní òyìnbó ló kọ́ wa ní àṣà pípa òbí yìí. Mi ò gbà. Kí ìwé ìtàn tó dé ilẹ̀ wa ni a ti ń pa àlọ́ ọmọ òrukàn tí orogún ìyá rẹ̀ rán lọ fọ igbá lódò, tí omi gbé igbá lọ, tí wọ́n sì ní kó má fojú kan ilé bí kò bá rí i. Ọmọ á tẹ̀lé omi, á pàdé àwọn ẹ̀dá abàmì, á sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ jèrè ohun tí ọmọ orogún tó lọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí gbà. J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé ní ìwé méjì tó jáde ní 1964. Orúkọ èkíní, Ọmọ Òkú Ọ̀run, ti sọ irú ọmọ tí ó dá lé. Nínú èkejì, Kúyẹ̀, ọmọ òrukàn tí kò gbọ́rọ̀ tí kò sì lè fọhùn ni ìtàn rọ̀ mọ́. Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìtàn tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 pàápàá, ìbọn bàbá rẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀, bàbá náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyá.

Ẹ wá wo ohun kan nínú àwọn ìtàn tiwa yìí. Ẹni tó fa ìdánìkanwà ọmọ ń jẹ́ orúkọ. Nínú àlọ́, bàbá ṣì wà láàyè, orogún ló rán ọmọ níṣẹ́, agboolé sì ń wò. Nínú Tutuola, owú orogún ló jẹ́ kí ọmọ ọdún 7 ku òun nìkan. Ilé náà kún. Àwọn tó kún inú rẹ̀ ló yẹra fún ọmọ.

Mo fi èyí sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń ráhùn, nítorí pé ẹjọ́ wọn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ni pé ọmọ tó bá ń ka irú ìwé yìí léraléra yóò gbà pé àgbà kò mọ nǹkan kan. Wọ́n á tọ́ka sí Matilda tí Dahl kọ ní 1988. Bàbá ọmọ náà ń fi jìbìtì ta ògbólógbòó mọ́tò, ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ju bíńgò lọ, àwọn méjèèjì sì ka ìwé kíkà sí ìranù. Inú ilé ni wọ́n wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn kí wọ́n má sí níbẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀sùn yìí, ṣùgbọ́n kò mú mi pọ̀. Matilda kò sá fún àgbà. Àgbà tó dára ló ń wá, ó sì rí i lára olùkọ́ rẹ̀, Miss Honey. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Tutuola. Gbogbo ọdún 24 tó fi wà lọ́dọ̀ àwọn iwin, ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ló ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ìwé tí òbí kò sí nínú rẹ̀ ni òbí gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ìyẹn lọ, àwa gan-an ló sì kàn. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì bá ti mú bàbá àti ìyá kúrò, ilé ti dá páro nìyẹn, nítorí pé ìdílé tí ó ń kọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé tiwa, bí ìyá kú, ìyá àgbà wà. Bí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní òun ni yóò san owó ilé ìwé, ì báà san án, ì báà má san án. Bí ọmọ bá sì yọ́ jáde láago mọ́kànlá òwúrọ̀, ìyá onígaàrí tó wà ní ìkòríta á pè é lórúkọ, á bi í bóyá kò sí ilé ìwé lónìí. Ọ̀pọ̀ wa tó kàwé ní Nàìjíríà ló fi Famous Five tí Enid Blyton bẹ̀rẹ̀ ní 1942 kọ́ bí a ṣe ń gbádùn ìwé. Mi ò ní bú u, adùn rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá kó ọmọ mẹ́rin àti ajá kan rìn káàkiri Ìbàdàn láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí àgbàlagbà kan kò bi wọ́n ní ìbéèrè kan, erékùṣù Blyton ló ń kọ. Ìlú tí ó dárúkọ kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń padà sọ́dọ̀ Chinua Achebe. Nínú Chike and the River (1966), bàbá Chike ti kú, ìyá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ ní Onitsha nígbà tó pé ọmọ ọdún 11. Ìyá wà láàyè. Alágbàtọ́ wà nínú ilé. Síbẹ̀ ọmọ náà ń dá gbé ìfẹ́ ọkàn kan kiri: ó fẹ́ wọ ọkọ̀ kọjá odò Ọya lọ sí Asaba, kò sì ní owó ọkọ̀. Alágbàtọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń bẹ̀ ní irú owó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí ìwọ̀nba owó yìí, ọmọ tó bá ti gbé lọ́dọ̀ ẹbí rí yóò sì mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ènìyàn lè wà ní agboolé tó kún dẹ́múdẹ́mú kó má rí ẹni tí yóò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò láti pa ẹnikẹ́ni kó tó sọ ìtàn ọmọdé ilẹ̀ wa.

Atinuke, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó sì ń gbé ní Wales báyìí, lọ jìnnà ju Achebe lọ. Láti 2007 ló ti ń kọ ìtàn Anna Hibiscus, ọmọbìnrin tó ń gbé pẹ̀lú bàbá, ìyá, bàbá àgbà, ìyá àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn ìbejì tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Igba ojú pé pérépéré. Ìtàn kan wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé fún ọmọdé kà. Anna rí àwọn ọmọbìnrin tálákà tó ń kiri ọsàn, ó ní òun náà fẹ́ tà á. Ó ká ọsàn nínú ọgbà wọn, ó dúró ní ẹnu géètì, ó tà á tán wéré. Àwọn ọmọ tó ń fi ọsàn jẹun kò rí tà lọ́jọ́ náà. Bàbá àgbà rí i, ó sì là á yé e ní pẹ̀lẹ́. Ojú ti Anna. Ohun tí yóò ṣe láti tún un ṣe, òun ló rò ó, òun ló sì ṣe é: ó bá àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè rówó.

Àgbà wà níbẹ̀, ó sọ̀rọ̀, kò sì gba ìtàn lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ní òbí tó wà nílé máa ń ba ìtàn jẹ́, kó wá dá mi lóhùn lórí èyí. Síbẹ̀ ó yẹ kí n sọ ti apá kejì pẹ̀lú. Ìtàn kúkurú ni Anna Hibiscus, ọmọ ọdún 6, 7, 8 ló bá mu, ewu inú rẹ̀ kò sì ju ewu tí bàbá àgbà lè wò sàn. Ọmọ ọdún 14 ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí bàbá àgbà kò lè dáhùn. Bí òǹkọ̀wé bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí agboolé tí ohun gbogbo ti ń yanjú kí oòrùn tó wọ̀, irọ́ mìíràn ló ń pa fún un.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti ọ̀fọ̀. Wọ́n ní òǹkọ̀wé máa ń fi ikú òbí ṣí ilẹ̀kùn ìtàn, á sì gbàgbé òkú sílẹ̀. Ọmọ kan wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ kú lóòótọ́. Kí ni yóò rò bí ó bá ka ìwé tí ìyá ti kú ní ojú ewé kìíní tí ọmọ sì ti ń rẹ́rìn-ín ní ojú ewé kẹta? Mi ò rí èsì kankan tó lè ré ẹ̀sùn yìí kọjá fún ìwé bíi ti James. Ohun kan ni a lè sọ, Bruno Bettelheim, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé, ló sì sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ lórí àlọ́ ní 1976: ọmọdé a máa bínú sí ìyá rẹ̀ gidigidi nígbà mìíràn, ìbínú náà sì máa ń bà á lẹ́rù. Ìyàwó bàbá tó burú nínú ìtàn ń gba ìbínú yẹn sára, ìyá rere á sì wà láìní àbùkù. Ohun tí àwọn arákùnrin Grimm ṣe ní Jámánì bá èyí mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tiwọn lè yàtọ̀. Nínú ẹ̀dà 1812, ìyá tó bí Snow White ló fẹ́ pa á, ìyá tó bí Hansel àti Gretel ló sì ní kí wọ́n kó wọn sọnù sínú igbó. Nígbà tó fi di 1840, àwọn méjèèjì ti di ìyàwó bàbá. Ẹni tó ń tẹ̀wé fún ìdílé kò lè gbà kí ìyá gidi ṣe irú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ìyá. Àwọn ìyàwó bàbá tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ tọkàntọkàn, kò sí ẹni tó ro tiwọn.

Àwọn ìwé kan wà tó san gbèsè ọ̀fọ̀ yìí. Nínú The Railway Children (1906), àwọn ọkùnrin méjì wá mú bàbá lọ lálẹ́, a ó sì mọ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀sùn èké ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ṣùgbọ́n àyè bàbá ṣófo lórí gbogbo eré náà. Nínú The Hunger Games (2008), bàbá Katniss kú sínú kòtò èédú, ìbànújẹ́ sì gba ìyá débi pé ó jókòó sílé bí ẹni tí kò sí. Ọmọ ọdún 11 ló di ẹni tó ń bọ́ ilé. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ṣe ohun tó jọ ọ́ nínú Children of Blood and Bone (2018). Wọ́n ti pa ìyá Zélie. Bàbá wà, ṣùgbọ́n ìyà ti fọ́ ọ, ọmọ ló sì ń ṣọ́ bàbá.

Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa tààràtà jù ni The Other Side of Truth tí Beverley Naidoo, ọmọ South Africa, kọ ní 2000, tó sì gba ẹ̀bùn Carnegie. Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ológun Abacha pa òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa ní oṣù Kọkànlá 1995. Akọ̀ròyìn ni bàbá Ṣadé àti Fẹ́mi, kò sì dákẹ́. Àwọn oníbọn wá bá a nílé, ìyá ni ọta bà, ó sì kú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi àwọn ọmọ méjèèjì lé obìnrin kan lọ́wọ́ kó fi ìwé ìrìnnà èké kó wọn dé Lọ́ńdọ̀nù bí ọmọ tirẹ̀. Obìnrin náà fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò bàbá tí wọ́n ń lọ bá ti di àwátì. Wọ́n bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́, wọ́n bọ́ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ wọ́n, wọn ò sì lè sọ orúkọ wọn gan-an fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá tọ̀ wọ́n wá, wọ́n tì í mọ́lé nítorí ìwé ìrìnnà. Àwọn ọmọ ló gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ kí ayé lè gbọ́.

Mo mọ àwọn òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 kà á. Wọ́n ní ikú ìyá ní ojú ewé kìíní ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní àwọn ọmọ òyìnbó tó bá kà á yóò rò pé ìbọn ló ń jí wa lójoojúmọ́. Ẹ̀rù méjèèjì tọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa akọ̀ròyìn Dele Giwa ní 1986, wọ́n sì yìnbọn pa ajàfẹ́tọ̀ọ́ Kúdíràtù Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996. Àwọn ilé náà ní ọmọ nínú. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú ìwé Naidoo ni pé ìyá Ṣadé kò kú tán. Ohùn rẹ̀ àti àwọn òwe rẹ̀ ń dé etí ọmọ náà ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, òun ló sì ń bá a pinnu. Òǹkọ̀wé tó bá mú òbí lọ báyìí kò jí nǹkan kan gbé lọ́wọ́ ọmọ tó ń kàwé.

Ọ̀ràn alágbàtọ́ yẹn ní ìtàn gidi lẹ́yìn. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó kí wọ́n lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje dàgbà sí ní Tilbury, ó sì fi ìrírí náà ṣe fíìmù Farming ní 2018. Òbí tó wà láàyè, tó ń fowó ránṣẹ́, tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn, tí ọmọ kò sì mọ ojú rẹ̀. Jacqueline Wilson kọ irú ìrora yìí nínú The Story of Tracy Beaker (1991), níbi tí ọmọ tó wà nílé ìtọ́jú ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyá òun jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré ní Hollywood, pé yóò dé láìpẹ́. Àwọn kan ní irú rẹ̀ ń ba ọmọ nínú jẹ́. Ọmọ tó wà nípò Tracy ti mọ ìbànújẹ́ náà kó tó ṣí ìwé.

Nítorí náà mi ò lè bá àwọn tó fẹ́ kí òbí wà nínú gbogbo ìwé lọ, mi ò sì lè bá àwọn tó ní ìtàn kò lè rìn bí òbí bá wà. Fún ọmọ kékeré, mo fẹ́ agboolé tó kún. Fún ọmọ tó ń bàlágà, mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé jẹ́ kó dá rìn, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí a mọ ibi tí òbí lọ, ẹni tó yẹ kó dúró dè é tí kò dúró, àti ohun tí ọmọ fi san án.

Iṣẹ́ tuntun wá wà nílẹ̀ báyìí fún àwọn òǹkọ̀wé wa. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí bàbá àti ìyá wọn ti jápa lọ sí Kánádà tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Àárín òbí bẹ́ẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ṣòro láti pè ní àìsínílé lásán. Òbí náà ń pè lórí WhatsApp lálaalẹ́, ó ń rí ojú ọmọ, ó mọ máàkì tó gbà nínú ìṣirò, ó sì lè bá a wí láti òkèèrè. Ọgbọ́n Tutuola, pé ìyá ti lọ sọ́jà, kò ṣiṣẹ́ níbi tí fóònù bá wà. Òǹkọ̀wé yóò ní láti wá ohun tí fóònù kò lè fi han òbí: ọmọ tó ti ń parọ́ fún kámẹ́rà, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú tí kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun mọ̀, owó ilé ìwé tó dé tí ẹnìkan nínú ẹbí sì ná. Èdè Yorùbá ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kọ ọ́, fún ọmọ ọdún 11 tàbí 12, kó sì gùn tó ìwé gidi.